Agbẹ́jọ́ Ẹnì Kan Dá: Olùkọ́ Kan àti Orin Leonard Rosenman

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ààfin ọba àti ilé-ẹjọ́ nìkan ni òwe yìí wà fún. Ó wà fún alámèyítọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ka orí kan nínú ìwé tí ó sì ti dá òǹkọ̀wé lẹ́bi, ẹni tí ó gbọ́ orin mẹ́ta tí ó sì ti pe olórin ní ọ̀lẹ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ tán kí ẹlẹ́rìí tó dé. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ àgbà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni kan jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí àwọn tí ó ń múra ìdánwò sílẹ̀ fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Olùkọ́ náà ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Lítíréṣọ̀ alohùn ni ó ń kọ́ni, ọwọ́ rẹ̀ sì le nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oríkì àti ìjálá, ohun tí ó tún fẹ́ràn jù ni fíìmù wíwò, pàápàá jù lọ orin tí ó máa ń bá fíìmù rìn. Ní ọdọọdún, nígbà tí ó bá dé orí ẹ̀kọ́ tí ó dá lórí àwítúnwí, yóò sọ fún kíláàsì pé oríṣi àwítúnwí méjì ni ó wà: èyí tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ àti èyí tí ó jẹ́ òfo. Oríkì ni yóò fi ṣe àpẹẹrẹ ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá kan èkejì, yóò ré kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, yóò sì dárúkọ ọkùnrin kan tí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, Leonard Rosenman, aṣẹ̀dá orin fún fíìmù.

Ó ní ọgbọ́n kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ní, ó sì ń bu omi là á bí ẹni tí gaàrí rẹ̀ kéré tí àlejò rẹ̀ pọ̀. Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ó ti wo fíìmù mẹ́ta tí Rosenman kọ orin fún. Èkínní ni eré àwòrán tí Ralph Bakshi ṣe jáde ní 1978 láti inú ìtàn The Lord of the Rings tí Tolkien kọ. Èkejì ni Star Trek IV, tí Leonard Nimoy darí ní 1986. Ẹ̀kẹta ni RoboCop 2, tí ó jáde ní 1990. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti gbọ́ ohun kan náà. Ohùn kan yóò bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní í lọ. Òmíràn yóò gùn ún lórí, òun náà kò ní í lọ. Ẹ̀kẹta yóò dé, ẹ̀kẹrin yóò dé, títí gbogbo wọn yóò fi di òkìtì ohùn tí kò bára mu, tí àwọn fèrè onídẹ yóò máa fọn ọ́n tantan bí ẹni pé òrùlé fẹ́ já. Àwọn Òyìnbó tí ó ń tọpa orin fíìmù a máa pe èyí ní pírámíìdì Rosenman. Olùkọ́ náà pè é ní àkàbà, nítorí pé ṣe ni àwọn ohùn náà ń gun ara wọn bí ẹni ń gun àjà.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ náà fi ń kọ́ni, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Rosenman: “Ọ̀lẹ.” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìdánwò láìmọye ìgbà, ó sì ti fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀.

Ní ọdún kan, nígbà tí ó ṣe àlàyé yìí tán, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan dìde. Ọmọ náà a máa tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn wọn, nítorí náà etí rẹ̀ já sí orin. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́, ó ní:

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí, mélòó ni ẹ ti gbọ́?”

Olùkọ́ dáhùn pé, “Mẹ́ta.”

“Ọdún wo ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sà?”

Olùkọ́ kò lè sọ. Kíláàsì dákẹ́. Ọmọ náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa pé a kì í ti ìparí ewì dá akéwì lẹ́jọ́. Èmi gbọ́ orin kan tí ó kọ ní 1955, n kò sì rí ọ̀lẹ kankan níbẹ̀.”

Bí olùkọ́ mìíràn bá ni, bóyá ìbá ti fi ọ̀rọ̀ ọlá pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Olùkọ́ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Jẹ́ kí n lọ gbọ́ ẹjọ́ náà tán.” Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé òun náà ti sọ gbólóhùn kan náà ní kíláàsì kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn wí lórí àwítúnwí, kí ni ohun tí òun ń ṣe yìí ń jẹ́?

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Brooklyn, ní ìlú New York, ni wọ́n ti bí Rosenman ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1924. Iṣẹ́ yíya àwòrán ni ó kọ́kọ́ wù ú. Ó sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ní agbègbè òkun Pàsífíìkì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn ogun ni ó sì gbájú mọ́ orin. Àwọn ọ̀gá ńlá ni ó kọ́ ọ: Arnold Schoenberg, Roger Sessions, àti Luigi Dallapiccola ará Ítálì. Èrò rẹ̀ ni láti máa kọ orin fún gbọ̀ngàn eré, níbi tí àwọn olùgbọ́ ti máa ń jókòó jẹ́ẹ́ láti gbọ́ orin nìkan. Ọ̀nà fíìmù kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ṣí ọ̀nà náà fún un. James Dean, òṣèré tí ayé kò tíì mọ̀ nígbà náà, wá bá a ní New York pé kí ó kọ́ òun ní dùùrù títẹ̀. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Nígbà tí olùdarí fíìmù Elia Kazan mú Dean fún fíìmù East of Eden, Dean ni ó jẹ́ kí Kazan mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tí a ń kọ́ ni ó wá mú olùkọ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Olùkọ́ wa ka ibi yìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì rántí ọmọ tí ó ń tẹ dùùrù.

Ní 1955 ni East of Eden jáde. Kazan gba Rosenman láyè láti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ohun tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aṣẹ̀dá orin, nítorí pé ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán ni wọ́n sábà máa ń pè wọ́n. Bí ó ti rí i pé iṣẹ́ náà ń dàgbà lójú rẹ̀ hàn nínú orin náà. Orin ìpìlẹ̀ rẹ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè máa hun ún lẹ́nu lẹ́yìn tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìrọ̀rùn náà, ohùn líle kan ń rìn, bí ìgbà tí ilé bá dákẹ́ tí ìjà sì wà nínú yàrá. Ìtàn baba àti ọmọ ni ìtàn náà. Ọmọ ń wá ìfẹ́ baba, baba kò mọ bí a ti ń fi í hàn. Nígbà tí àrùn ẹ̀gbà ti dá baba dùbúlẹ̀, tí ó sì rọra sọ fún ọmọ pé kí ó lé nọ́ọ̀sì lọ kí òun fúnra rẹ̀ máa tọ́jú òun, ohùn líle yẹn ti rẹlẹ̀, orin rírọrùn náà sì gba gbogbo ilé. Olùkọ́ náà gbọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kò gbọ́ àkàbà kankan níbẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ ni ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí a dákẹ́.

Ní ọdún kan náà ni ó kọ orin fún Rebel Without a Cause, tí Nicholas Ray darí. Dean tún ni ó ṣe eré náà, ṣùgbọ́n kò rí i kí ó jáde: ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1955. Síbẹ̀síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó ya olùkọ́ náà lẹ́nu jù nínú ti ọdún yẹn ni ẹ̀kẹta, The Cobweb, tí Vincente Minnelli darí. Ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Orin Òyìnbó ní ohùn méjìlá. Nínú orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ọ̀kan nínú méjìlá yìí ni ó máa ń jẹ́ ilé tí àwọn yòókù ń padà sí. Schoenberg ti hùmọ̀ ọ̀nà kan tí kò sí ohùn tí ó jẹ́ ilé nínú rẹ̀: gbogbo méjìlá dọ́gba, kò sí èyí tí ó jẹ́ baálẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Rosenman mú wọ The Cobweb, àwọn onímọ̀ sì sábà máa ń ka iṣẹ́ náà sí fíìmù ńlá àkọ́kọ́ ní Hollywood tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin inú rẹ̀ tẹ̀lé ìlànà ohùn méjìlá. Ó bá ibi tí ó lò ó mu. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò rí ilé padà sí, orin tí kò ní ilé ni ó yẹ ẹ́.

Fíìmù mẹ́ta ní ọdún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ojú tirẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ ni ó ṣe èyí?

Àmọ́ ẹjọ́ kò tíì tán, nítorí pé àkàbà tí olùkọ́ ń wá wà níwájú. Ó bá a pàdé ní 1966, nínú Fantastic Voyage tí Richard Fleischer darí. Ìtàn fíìmù náà ni pé wọ́n sọ ọkọ̀ abẹ́ omi àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ di kékeré ju ohun tí ojú lè rí lọ, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fún wọn sínú ẹ̀jẹ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kí wọ́n lè lọ tú ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú péré ni wọ́n ní. Ohun tí Rosenman kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni pé kò ṣe nǹkan kan. Fún ìgbà pípẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, kò sí orin rárá, ariwo ẹ̀rọ àti ohùn ènìyàn nìkan ni. Ìgbà tí ọkọ̀ náà wọ inú ara ni orin tó bẹ̀rẹ̀, àkàbà sì wà nínú orin náà: ohùn lórí ohùn, òkìtì lórí òkìtì.

Olùkọ́ náà dá fíìmù dúró. Àkàbà tí ó ti ń fi ṣẹ̀sín fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí, òun náà gan-an. Kí ni ó dé tí kò fi sú u níbí? Ó tún un gbọ́, ó sì rí ìdáhùn. Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí ni ọkọ̀ náà wọ̀. Kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ogiri ń mí, odò ń sáré. Bí Rosenman bá fi orin ìrìn-àjò tí etí ti mọ̀ sí i, ìbá ti sọ inú ara di òpópónà. Àkàbà yìí sọ fún olùgbọ́ pé ohun kan ń pọ̀ sí i tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìbí tí yóò parí sí. Ohùn náà àti ibi tí ó wà jẹ́ ara kan náà.

Ní 1970, ó tún lo irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú Beneath the Planet of the Apes. Fíìmù tí ó ṣáájú rẹ̀ ní 1968, Jerry Goldsmith ni ó kọ orin rẹ̀, orin náà sì lókìkí gidigidi, nítorí náà ẹrù tí ó wúwo ni Rosenman gbé. Àwọn ènìyàn kan wà nínú ìtàn náà tí ó ń gbé abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń bọ bọ́ǹbù bí ẹni ń bọ òrìṣà. Rosenman kọ orin ìjọsìn fún wọn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, gẹ́gẹ́ bí orin ṣọ́ọ̀ṣì ti máa ń rí, ṣùgbọ́n ó lọ́ ohùn rẹ̀ po títí ara olùgbọ́ fi ń bù máṣọ. Àwọn apá kan nínú iṣẹ́ náà jẹ́ ariwo lásán. Apá ti ìjọsìn yìí kì í ṣe ariwo, èrò ni.

Láti ibí yìí ni olùkọ́ náà ti padà sí ohun tí ó mọ̀ jù, ìyẹn lítíréṣọ̀ alohùn. Ẹni tí ó ń sun ìjálá kì í ṣẹ̀dá gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ní ojú agbo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ náà sì ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀lẹ nítorí ìyẹn. Ohun tí a ń wò ni bóyá ó mọ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Bí ó bá fi oríkì Oníkòyí kí ọmọ Ọ̀pómúléró, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé ó wí ohun tí a ti wí rí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ṣi ènìyàn kí. Oríkì náà lè dùn, ohùn rẹ̀ lè já gaara, síbẹ̀ ẹni tí a ń kí kò ní í dáhùn, nítorí pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń kí.

Nípa báyìí, ìbéèrè tí ó ti ń bi Rosenman láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣe ìbéèrè tí ó yẹ. Ó ti ń bèèrè pé, “Ṣé ó ti lo èyí rí?” Ohun tí ó yẹ kí ó bèèrè ni pé, “Ta ni ó fi ń kí?” Ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọlà ẹni, kò sí oníṣẹ́-ọnà tí kò ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ síbi rẹ̀ ṣáá. Àkàbà kí Fantastic Voyage bí ó ti yẹ. Ní 1990, ó ṣi RoboCop 2 kí.

Olùkọ́ náà tún fíìmù mẹ́ta àkọ́kọ́ wò pẹ̀lú ìbéèrè tuntun yìí, nítorí kò fẹ́ kí àánú wá gba ipò ìwádìí. RoboCop 2 kò dára sí i. Basil Poledouris ni ó kọ orin ti àkọ́kọ́ ní 1987, ó sì ti fún akọni náà ní orin tí ó bá irin àti ẹran ara rẹ̀ mu. Rosenman kò lò ó. Ó fi orin ogun olóhùn gíga rọ́pò rẹ̀, ó sì ní kí ẹgbẹ́ akọrin máa pe orúkọ akọni náà bí ẹni ń polówó ọṣẹ lójú títì. Nígbà tí àkàbà dé nínú rẹ̀, kò sí àdììtú tí ó ń gùn lọ bá. Ìdájọ́ olùkọ́ náà lórí iṣẹ́ yìí kò yí padà.

Ti The Lord of the Rings wà láàárín méjì. Orin ìrìn ńlá tí ó kó iṣẹ́ náà jọ lágbára, ó sì ní ìyàtọ̀ láàárín ti àwọn ẹni ibi àti ti àwọn tí ó ń sá fún wọn. Ṣùgbọ́n ariwo ogun inú rẹ̀ pọ̀ ju ogun tí a rí lọ. Ní ti Star Trek IV, ẹni tí ó bá gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn The Lord of the Rings yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn àtijọ́ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí olùkọ́ kò fetí sí tẹ́lẹ̀. Ìtàn ẹja àbùùbùtán ni, tí wọ́n lọ mú wá láti ayé àtijọ́ kí wọ́n lè gba ayé là. Rosenman kọ orin fún àwọn ẹja náà ní ìlànà tí àwọn ọ̀gá orin Yúróòpù ń lò ní ayé Bach, níbi tí ohùn kan yóò ti sáré síwájú tí òmíràn yóò sì máa lé e tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀. Inú orin náà dùn, bí ọmọdé tí ó ń ṣeré nínú odò. Àwọn tí ó ń fún ni ní ẹ̀bùn Oscar dárúkọ iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tí ó yẹ fún ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ Oscar yìí ni ó wá mú kí olùkọ́ náà káàánú ọkùnrin náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rosenman gba ẹ̀bùn náà. Ní 1976, ó gbà á lórí Barry Lyndon, fíìmù Stanley Kubrick, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ láti tún orin Handel, orin Schubert àti orin ìbílẹ̀ àwọn ará Áyálàǹdì tò. Ní 1977, ó tún gbà á lórí Bound for Glory, fíìmù Hal Ashby, níbi tí ó ti ṣe àtúntò àwọn orin Woody Guthrie. Aṣọ àyálò kì í yẹni, aṣọ àyálò sì ni ayé fi dá a lọ́lá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tí ó gba èkejì, ó fi ẹ̀fẹ̀ sọ fún àwùjọ pé òun náà a máa kọ orin tòun o. Àwọn àgbà sì mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń sọ òtítọ́ tí ó bá korò. Bẹ́ẹ̀ ni ó sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun rí bí Kubrick ti ń lo orin kan náà léraléra nínú Barry Lyndon, ó sú òun. Olùkọ́ náà ka èyí, ó mi orí. Ẹni tí a ń bá wí lórí àwítúnwí náà mọ̀ pé àwítúnwí a máa súni.

Ó tún ṣàròyé pé kí òun tó wọ iṣẹ́ fíìmù ni wọ́n ń ṣe orin òun ní gbọ̀ngàn eré ní New York, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òun wọ̀ ọ́, wọ́n pa òun tì. Àwọn ará gbọ̀ngàn eré kà á sí ará fíìmù. Púpọ̀ nínú àwọn ará fíìmù sì rí orin rẹ̀ bí èyí tí ó le jù fún etí. Ẹni tí ó wà láàárín ọjà méjì, àwọn ọlọ́jà méjèèjì ni yóò máa ná an ní ẹ̀dínwó. Kò yẹ kí èyí gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi RoboCop 2. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí alámèyítọ́ mọ̀ ọ́n kí ó tó la ẹnu. Ní 1997, John Adams, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbà aṣẹ̀dá orin ní Amẹ́ríkà, darí ẹgbẹ́ London Sinfonietta láti gba orin East of Eden àti ti Rebel Without a Cause sílẹ̀ lọ́tun. Ó pé ogójì ọdún ó lé kí wọ́n tó tún kí i bí ó ti yẹ. Àìsàn ọpọlọ bá Rosenman jà ní òpin ayé rẹ̀, ó sì jáde láyé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2008.

Nígbà tí olùkọ́ náà padà sí kíláàsì, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání. Ó ní, “Mo ti dá ẹjọ́ kan láàárín yín, mo sì dá a ṣáájú àkókò.” Ó wá to iṣẹ́ Rosenman sí ọ̀nà mẹ́ta lójú pátákó: èyí tí ó fi gbogbo ọkàn ṣe, èyí tí ó dàpọ̀ mọ́ àbùkù, àti èyí tí a lè gbé jù sílẹ̀. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó kọ ìdí sí, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ tí ó ń tẹ dùùrù tún dìde. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, “Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. A lè sọ nígbà náà pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ńlá ni?”

Olùkọ́ ní, “Rárá, ọmọ mi. Rọra. O gbọ́ iṣẹ́ ọdún 1955, o gba ọkùnrin náà tọkàntọkàn. Èmi gbọ́ ti 1990, mo sì lé e jáde. Ẹnì kan ni àwa méjèèjì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ẹnì kan náà ni a sì fẹ́ dá a fún. Ìka ọwọ́ kan náà kò dọ́gba, a kò sì gé èyí tí ó kúrú sọnù, bẹ́ẹ̀ ni a kò pe gbogbo ọwọ́ ní ìka àárín. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìdánwò, dárúkọ iṣẹ́ tí ò ń sọ, sọ ohun tí iṣẹ́ náà ní láti ṣe, kí o wá sọ bóyá ó ṣe é.”

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, tí ó jókòó lẹ́yìn, ní kí olùkọ́ jọ̀wọ́ sọ gbólóhùn kan tí àwọn lè kọ sílẹ̀ nípa Rosenman, nítorí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Gbólóhùn kan ni mo ní tẹ́lẹ̀. Òun ni ó kó wa sí ìjàngbọ̀n.”

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Iṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì ni lámèyítọ́. Nígbà tí kíláàsì túká, olùkọ́ náà nìkan ni ó kù. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà lórí ọ̀rọ̀ “Ọ̀lẹ” tí ó ti kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wá àlàfo tí yóò kọ ohun tí ó mọ̀ báyìí sí, ẹ̀gbẹ́ ìwé náà kò gbà á. Ó yí ojú ewé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.